Ìtàn Ìwé Ìṣirò Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Kí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ìwé tí wọ́n ń ṣe ìṣirò sí, orí, ẹnu àti ọwọ́ ni ìṣirò wà, owó ẹyọ sì ni ohun èlò tí a fi ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó ń ka owó a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, a kó ogún márùn-ún jọ di ọgọ́rùn-ún, a sì da ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀ di igba. Ní ti owó tí a ti sín, ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì tí ó ti gbé Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1887 lórí ètò iye Yorùbá, ètò tí ó fi ogún ṣe ìpìlẹ̀ tí ó sì ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ńlá (márùndínláàádọ́ta ni àádọ́ta tí a mú márùn-ún kúrò lára rẹ̀), ó sì gbà pé láti inú kíka owó ẹyọ ni ètò náà ti ṣẹ̀.

Ohun tí ìṣirò àtijọ́ yìí kò ní ni àpá. Bí a bá ti kó owó sínú àpò tán, ọ̀nà tí a gbà dé iye náà ti parẹ́, iye nìkan ni ó kù. Bákan náà ni ó rí ní ilé-kéú, níbi tí ọmọ ti ń fi gègé àti tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí pátákó tí a ń pè ní wàláà, tí a sì ń fi omi fọ̀ ọ́ nù nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá ti wọ̀ ọ́ lórí. Síléètì tí àwọn ajíhìnrere mú wá, ìyẹn pẹlẹbẹ òkúta dúdú tí a fi igi gbá létí, kò yàtọ̀ sí wàláà ní ti èyí: bí tíṣà bá ti wo ìṣirò tán, ọmọ á nu ún nù, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ̀ dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe sì jáde ní 1858. Ní 1898 ni ìjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn pásítọ̀ àti tíṣà ní ìlú náà, títí ẹ̀ka ti àwọn tíṣà fi di ti Ìwó ní 1938. Ní Ọ̀yọ́, ọdún méjì ṣáájú 1898 ni CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, kó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn wá láti Èkó, lábẹ́ míṣọ́nnárì F. Melville Jones, èyí tí a wá mọ̀ sí St Andrew's College. Láti inú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni àṣà ìwé ìṣirò ti tàn dé àwọn ìlú kéékèèké: ọjọ́ ní òkè, ìlà pupa ní ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà ìbéèrè, iṣẹ́, ìdáhùn tí a fa ìlà méjì sí nídìí. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Èkó ṣe ní 1887 ti so owó ìrànwọ́ mọ́ bí àwọn ọmọ bá ṣe yege níwájú alábẹ̀wò ilé-ìwé. Èkó ni òfin yẹn wà fún, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù alábẹ̀wò kò mọ ààlà ìlú, ìwé ìṣirò sì di ohun tí a ń tún ṣe kí ó lè dára lójú ẹlòmíràn. Ọmọ á ṣe iṣẹ́ gidi sórí síléètì tàbí sínú ìwé jákujàku, á wá da ìdáhùn tí kò ní àbùkù kọ sínú ìwé dáadáa.

Ọ̀yọ́ náà ni ẹ̀rí wà pé ìwé jákujàku ní iyì tirẹ̀. Samuel Johnson, tí ó kàwé lábẹ́ míṣọ́nnárì G. F. Bühler ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Abẹ́òkúta, di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1887, ibẹ̀ ni ó sì ti parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ìwé tí ó ní àlàyé lórí iye àti owó ẹyọ nínú pẹ̀lú. Ẹ̀dà tí ó ti tún kọ tán sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ jákujàku tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, jókòó tì tí ó fi tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ó yani lẹ́nu pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ kò fi èyí kọ́gbọ́n.

Owó ni ó pàṣẹ bí ojú ewé ìwé ìṣirò ṣe rí fún ìgbà pípẹ́. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan, nítorí náà òpó mẹ́ta ni ọmọ ń fà sí ojú ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òfin tirẹ̀ lórí iye tí a óò gbé lọ sí òpó kejì. Ogún kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Méjìlá ni ó ń dà á láàmú. Ní January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ sì gòkè láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí 811,432. Ìgbà yẹn náà ni Modern School dé, ilé-ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta fún àwọn tí kò rọ́nà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ ti àwọn tí a ń pè ní JSS lónìí. Ọmọ pọ̀, tíṣà tó kọ́ iṣẹ́ kò tó, àmì ṣíṣe sí gbogbo ìwé sì di ẹrù tí ó ju agbára ẹnìkan lọ. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní January 1973, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ di náírà kan, òpó kan sì kúrò lójú ewé lójijì. Ìṣirò ìgbàlódé, èyí tí ó kún fún sẹ́ẹ̀tì àti àwọn òbìrí rẹ̀, kò pẹ́ púpọ̀. Ìjọba àpapọ̀ pa á tì ní 1977.

Ètò 6-3-3-4, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, mú àyẹ̀wò àtìgbàdégbà wá, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe láàárín ọdún ń wọ inú máàkì rẹ̀. Èyí ìbá sọ ìwé ìṣirò di ti ọmọ, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ó ṣẹlẹ̀: ìwé tí ó pé, tí ó mọ́, tí a dà kọ láti ara pátákó ni ó ń gba máàkì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan wà tí ìwé fi lè di ti ọmọ: àwọn olùkọ́ ìtàn ní California, tí wọ́n ń lo ètò ẹ̀kọ́ ìtàn tí a ń pè ní History Alive!, ti dá ìlànà kan sílẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ìṣirò náà gbà: ojú ewé ọ̀tún ni ti ohun tí olùkọ́ kọ́ni, ojú ewé òsì ni ti ọmọ, níbi tí ó ti ń fi àwòrán, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ àti àṣìṣe rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó yé e, nọ́ńbà wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, atọ́ka sì wà níwájú ìwé. Bébà aláràbarà àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn kò pọn dandan, ìwé ogójì ewé tó fún un. Ojú ewé òsì ni kókó rẹ̀, òun gan-an sì ni ó sọnù ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ tí alábẹ̀wò ti di ẹni tí a ń kọ̀wé fún.

Ìdí kan tí ìtàn yìí fi ṣòro láti kọ ni pé ìwé ìṣirò àtijọ́ kì í pẹ́ nílé. Elépà àti alákàrà ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí àpótí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ṣì ní ìwé Modern School tàbí ti St Andrew's nínú, kí ó má ṣe tà á. Kí ó gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, tàbí sí ilé-ìkàwé tó súnmọ́ ọn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìwé jákujàku.