Ìjà Wáyà Géáà àti Irin Sitáǹdì

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń ṣe ní Chicago. Àròyé kan wà tí kì í tán létí mi: wáyà géáà iwájú ń ha irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó mọ́ férémù fún sitáǹdì. Ẹ̀yìn ìdí pẹ́dàlì, láàárín irin méjì tó lọ sí táyà ẹ̀yìn, ni irin yẹn jókòó sí. Ibẹ̀ náà ni wáyà ń gbà gòkè. Ọ̀dà á bó, géáà á wúwo lọ́wọ́, nígbà tó bá yá àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú wáyà á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á ní ẹni tó ṣe férémù kò mọṣẹ́. Èmi kì í bá wọn dá a lẹ́bi. Ìdílé méjì tí kò mọra ló pàdé lábẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ọdún 1896 ni Ernest Monnington Bowden gba ìwé àṣẹ ní Bìrìtìkó fún wáyà tó ń rìn nínú àkọ̀. Nígbà tó di 1902, ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham, lábẹ́ Frank Bowden tó ni ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh. Orúkọ Bowden méjèèjì jọra, ẹni wọn yàtọ̀. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni géáà Sturmey-Archer wà. Ní ti Raleigh dúdú tí àwọn bàbá wa ń gùn nílé, èyí tó pọ̀ jù kò ní géáà rárá, ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn sì ni sitáǹdì rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ohun tí wáyà àti sitáǹdì máa jà lé lórí.

Ilẹ̀ Faransé ni derailleur, ẹ̀rọ tó ń ti ṣéènì láti orí eyín kan sí òmíràn, ti gbilẹ̀. Paul de Vivie ará Saint-Étienne polongo géáà títí ó fi kú. Henri Desgrange, olùdásílẹ̀ ìdíje Tour de France, kọ̀ jálẹ̀. Ọdún 1937, lẹ́yìn tó ti fi àkóso sílẹ̀, ni wọ́n tó gba derailleur láyè nínú ìdíje náà. Ta ni nínú àwọn asáré kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí tó fẹ́ ru irin sitáǹdì gun òkè? Ara ògiri ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì. Nítorí náà, ẹni tó ń la ọ̀nà fún wáyà kò ro ti sitáǹdì.

Ní Chicago níbí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ilé-iṣẹ́ Schwinn rò nígbà náà. Láti 1946 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé sitáǹdì mọ́ férémù, torí pé kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti ti ará àdúgbò gbọ́dọ̀ dá dúró níbikíbi. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Varsity wọn jáde ní 1960, ó ní derailleur, ó sì tún ní sitáǹdì. Bí asáré àti ará àdúgbò ṣe di ará ilé kan náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ aṣekẹ̀kẹ́ gbé wáyà gba abẹ́ ìdí pẹ́dàlì, nínú ike kékeré kan. Ó mọ́ tónítóní, àmọ́ ó sún wáyà mọ́ irin sitáǹdì. Ní 1984, ilé-iṣẹ́ Shimano gbé géáà SIS jáde: bí ọwọ́ géáà bá ti dún tá, wáyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fà níwọ̀n gẹ́lẹ́. Látijọ́, ọwọ́ ẹni ló ń wá géáà fúnra rẹ̀, a kì í sì í tètè fura pé wáyà ń ha irin. Nísinsìnyí, bí sitáǹdì bá fún wáyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ díẹ̀, géáà á máa fò.

Ohun tí mo ń ṣe kò le. Mo máa ń fi fáìlì ha etí irin tó mú títí á fi dán, kí n tó kùn ún lọ́dà. Màá tú wáyà, màá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ inú àkọ̀ géáà sí i lára, kí ó gùn kọjá irin náà lókè àti nísàlẹ̀. Bí bóòtù ni wọ́n fi de sitáǹdì, màá gé àyè fún wáyà lára irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, mo máa ń ní kó mú èyí tí sitáǹdì rẹ̀ wà lẹ́yìn lápá òsì, nítòsí họ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ aṣekẹ̀kẹ́ ti gbé e síbẹ̀ báyìí, wáyà kankan kì í sì í gba ibẹ̀ kọjá lọ sí géáà.