Ìtọ́jú ìfarabalẹ̀: bó ṣe ń ran ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn lọ́wọ́

Bí ẹnì kan ò bá lè sùn mọ́, tí àyà ẹ̀ ń já ṣáá, tí nǹkan kan ò sì dùn mọ́ ọn, a máa ń sọ pé ó ń ronú jù. Àwọn dókítà ń pè é ní dépression tàbí anxiété. Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọ̀kan nínú ìtọ́jú ẹ̀ ni ìfarabalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pleine conscience lédè Faransé. Jon Kabat-Zinn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1979, fún àwọn tí ìrora kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, àmọ́ kò sí ìsìn kankan nínú èyí tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn.

Ọ̀sẹ̀ 8 ni ẹ̀kọ́ náà: ìpàdé kan lọ́sẹ̀, àti ìdánrawò nílé lójoojúmọ́. Èèyàn á jókòó, á máa kíyè sí èémí tó ń wọlé, tó ń jáde. Bí ọkàn bá sá lọ sórí gbèsè tàbí ọ̀rọ̀ àná, kó má bínú sí ara ẹ̀. Kó rọra dá a padà. Kì í ṣe pé ìrònú ò ní wá mọ́ o. Ohun tí à ń kọ́ ni pé “mi ò já mọ́ nǹkan kan” jẹ́ ìrònú tó ń kọjá lọ, kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá tètè rí i pé ó ń bọ̀ lè má tẹ̀ lé e wọ kòtò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣèwádìí lórí èèyàn 424 tí àìsàn yìí ti ṣe léraléra, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Láàárín ọdún 2, ó padà sára 44 nínú 100 àwọn tó kọ́ ìfarabalẹ̀, àti 47 nínú 100 àwọn tó ń lo oògùn wọn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ọdún 2022 fi hàn pé ó dín àníyàn kù bí oògùn kan tí wọ́n sábà máa ń lò ṣe ń dín in kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín; ẹ bi dókítà yín kọ́kọ́. Bí ìjókòó náà bá ń gbé ìrántí burúkú dìde, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ sọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ikú ló wu òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ìjọba fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà ní Jacquot.