Ojú Títì Tí Ó Bàjẹ́ àti Ìfarapa: Àlàyé fún Olùtọ́jú àti Òṣìṣẹ́ Ìlera ní Douala

Bí a bá gbé ẹni tí ó ṣubú lórí alùpùpù wá sí ọ̀dọ̀ yín, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ bi àwọn tí ó gbé e wá ni bí ó ṣe ṣubú. Ìbéèrè kan tún wà tí a kì í sábà bèèrè: níbo ni ó ti ṣubú, báwo sì ni ojú ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí? Àlàyé yìí dá lórí ìbéèrè kejì yìí, nítorí pé ojú ọ̀nà wà lára ohun tí ń pinnu irú ọgbẹ́ tí ẹ óò bá pàdé, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún. Òun ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ.

Kí ni ìwádìí fi hàn nípa ọ̀nà Yaoundé sí Douala?

Ọ̀nà yìí gùn tó nǹkan bí 240 kìlómítà, ó sì gba Pouma àti Edéa kọjá. Ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ jọ ń rìn lórí títì kan náà ni, láìsí ohun tí ó yà wọ́n nípa. Joelle Sobngwi-Tambekou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àwọn agbófinró wò lórí ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 2004 sí 2007, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Wọ́n rí i pé bí a bá ka gbogbo kìlómítà tí àwọn ọkọ̀ rìn lójú ọ̀nà náà papọ̀, tí ó pé mílíọ̀nù 100, ènìyàn 73 ni yóò ti kú. Iye yìí ju ìlọ́po 35 iye tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń pa ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ìjàǹbá tí ọkọ̀ méjì fi ń forí sọ ara wọn, àti èyí tí ọkọ̀ fi ń kọlu ẹlẹ́sẹ̀, ni ó burú jù. Wàhálà táyà, àti ìwàǹwára láti kọjá ọkọ̀ iwájú níbi tí kò yẹ, wà ní iwájú nínú ohun tí ó fà á.

Ẹ rántí pé ìwé agbófinró ni wọ́n lò. Ẹni tí ó bá kú ní ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ kẹrin lè má sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ni ó ń ba títì jẹ́?

Ọ̀dà dúdú tí a ń rí kì í ṣe gbogbo títì. Awọ òkè lásán ni. Abẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, yangí tàbí ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ sì wà lábẹ́ òkúta. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ wọ̀nyí ni ó ń gbé ẹrù. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n le. Bí omi bá wọ inú wọn, wọ́n á rọ̀, ọ̀dà òkè á sì sán. Omi á gba ojú sísán náà wọlé sí i, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, kò sì ní pẹ́ tí kòtò yóò fi ṣí sílẹ̀.

Òjò tí ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Bí gọ́tà bá dí, omi yóò jókòó sórí títì ni. Nítorí náà, ẹni tí ó da ìdọ̀tí sí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò tí alùpùpù yóò ṣubú sí, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹrù ni ọ̀tá kejì. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè sódò lórí títì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdánwò. Ohun tí èsì rẹ̀ fi hàn ni pé bí ẹrù orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún títì lè tó ìlọ́po 16. Èbúté Douala ni ẹrù Chad àti ti Central African Republic ń gbà wọlé. Tírélà kan tí ó ru ju òṣùwọ̀n lọ lè ba títì jẹ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kékeré lọ.

Ní àdúgbò, àwọn alùpùpù tí wọ́n ń pè ní bendskin ni kòtò ń ṣe léṣe jù. Omi á bo kòtò mọ́lẹ̀, awakọ̀ kò ní rí i. Tàbí kí ó rí i lójijì, kí ó yà fún un, kí ó sì bọ́ sí iwájú ọkọ̀ mìíràn. Àṣíborí tí a dè dáadáa ń dín ewu ìfarapa orí kù pẹ̀lú ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ikú kù pẹ̀lú ìdá 42. Ẹni tí a gbé sẹ́yìn náà nílò tirẹ̀.

Àmọ́ o, kí a má ṣe rò pé títì tí ó jọ̀lọ̀ ni òpin ewu. Títì tuntun máa ń fa eré àsápajúdé. Bí iwájú ọkọ̀ bá gbá ẹlẹ́sẹ̀, ewu ikú fi ìlọ́po 4.5 pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ bá kúrò ní kìlómítà 50 sí 65 ní wákàtí kan.

Ọjọ́ tí ọ̀nà já ní Matomb

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, lẹ́yìn òjò ńlá, títì Yaoundé sí Douala já ní Matomb, níbi tí omi ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò yà sí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì so kẹ̀kẹ́ 8 mọ́ 9 tí ó máa ń fà tẹ́lẹ̀. Ní Eséka, ọkọ̀ náà yẹ̀ kúrò lórí irin. Ìjọba kéde pé ènìyàn 79 ni ó kú. Àwọn tí ó farapa ju 500 lọ. Ọ̀nà tí ìbá gbé ọkọ̀ aláìsàn lọ ni ó já yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò fún ìjàǹbá ńlá, ẹ má ṣe gbé ètò yín lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní Douala fúnra rẹ̀, láti ọdún 1955 títí di ọdún 2017, afárá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà kọjá odò Wouri. Ẹni tí ó bá farapa ní Bonabéri, tí a sì fẹ́ gbé lọ sí ilé-ìwòsàn Laquintinie, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà.

Kí ni kí ẹ ṣe bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ dá ọkọ̀ tí ń bọ̀ dúró, kí ẹ̀yin pẹ̀lú má baà farapa. Ẹ pe 118 fún àwọn panápaná tàbí 119 fún ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bí irin tàbí igi bá gún un, ẹ má ṣe fà á yọ. Bí ó bá dákú ṣùgbọ́n tí ó ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ yí papọ̀, kí èébì má baà fún un lọ́fun. Ẹ má ṣe fún un ní omi tàbí oúnjẹ. Bí ó bá ń mí dáadáa, ẹ fi àṣíborí rẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ bí a ti ń yọ ọ́.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀, èyíinì ni kí a gbé ẹni tí ó farapa jókòó sórí alùpùpù láàárín awakọ̀ àti ẹni tí ó dì í mú. Bí eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn bá ti sán, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè sọ ọ́ di arọ. Pákó gbọọrọ tàbí ilẹ̀kùn tí a yọ, nínú ọkọ̀ tí ó ní àyè, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera: ìwádìí CRASH-2, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, kó aláìsàn tí ó ju 20,000 lọ jọ láti orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó fi hàn pé oògùn tranexamic acid ń dín ikú kù fún àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Gíráàmù 1 ni a fi sínú iṣan láàárín ìṣẹ́jú 10, gíráàmù 1 mìíràn sì tẹ̀lé e láàárín wákàtí 8. Wákàtí 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfarapa ni ó wúlò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè pa aláìsàn lára. Ẹ wá ri i báyìí pé wákàtí tí a lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà lára ìtọ́jú.

Fún olùtọ́jú nílé: ẹni tí ó fi orí gbá títì, tí a sì ní kí ó máa lọ sílé, kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ó bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, bí ó bá ṣòro láti jí, bí gìrì bá mú un, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tàbí bí omi mímọ́ gaara bá ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Láti ọdún 2015 ni a ti ń ṣe ìwé àkọsílẹ̀ ìfarapa ní àwọn ilé-ìwòsàn kan ní Cameroon, tí Laquintinie wà lára wọn. Bí ibi iṣẹ́ yín kò bá tíì ní irú rẹ̀, ìwé ìkọ̀wé lásán ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, irú ọkọ̀, bóyá àṣíborí tàbí bẹ́líìtì ìjókòó wà, bóyá òjò ń rọ̀, àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń pè é. Bí orúkọ ibì kan bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, ẹ mú ojú ìwé náà lọ fún àwọn tí títì àdúgbò wà ní ìkáwọ́ wọn.