Ìtàn Síso Fọ́ńkíṣọ̀n Pọ̀ Nínú APL àti J

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń so fọ́ńkíṣọ̀n pọ̀ nínú èdè kọ̀ǹpútà APL, ohun tí ìwé kan bá kọ́ ọ, ìwé kejì lè tú u ká. Ọ̀tọ̀ ni èdè tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń sọ, ọ̀tọ̀ sì ni ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi to ìtàn náà léra.

Kenneth Iverson, ọmọ Kánádà, ló ṣẹ̀dá àkọsílẹ̀ tó di APL ní Harvard. Ìwé rẹ̀, A Programming Language, jáde ní 1962. Ní 1966, IBM mú un ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Láti ọwọ́ ọ̀tún la ti ń ṣírò, àmì kan kò sì ṣáájú èkejì: 3×2+4 yóò jẹ́ 18. Bí a ṣe ń ka márùndínláàádọ́ta náà nìyẹn: a ní láti mú àádọ́ta tó wà lẹ́yìn kí a tó yọ márùn-ún tí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Ní 1977, onímọ̀ kọ̀ǹpútà John Backus fi síso fọ́ńkíṣọ̀n pọ̀ ṣe òpó ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Turing.

Ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Iverson àti Eugene McDonnell dábàá pé kí fọ́ńkíṣọ̀n tó bá tò tẹ̀lé ara wọn láìsí nọ́ńbà di fọ́ńkíṣọ̀n tuntun. Mẹ́ta ń jẹ́ fork, méjì ń jẹ́ hook. Iverson àti Roger Hui gbé e wọ inú èdè tuntun wọn, J, ní 1990. Ká ní iye owó ẹja mẹ́ta ní ọjà Ẹ̀pẹ́ ni 3000 4000 5000. (+/ % #) yóò ro wọ́n pọ̀ sí 12000, yóò ka iye wọn sí 3, yóò sì fi èyí pín tọ̀hún: 4000, àròpín wọn.

Hook ló dá ìjà sílẹ̀. Ká pe àròpín yìí ní A, ká wá kọ (- A). Nínú J, a ó yọ 4000 kúrò nínú iye kọ̀ọ̀kan. Nínú Dyalog APL, tó gba irú ìkọ̀wé yìí wọlé ní 2014, 4000 fúnra rẹ̀ ni yóò yí sí òdì. J kúrú lóòótọ́, ó sì wúlò fún irú ìṣirò yìí. Síbẹ̀, ti Dyalog ni mo fara mọ́: A ṣiṣẹ́, àmì ìyọkúrò gba èso rẹ̀, bí ìmọ̀ ìṣirò ti ń so fọ́ńkíṣọ̀n pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ èsì J níbẹ̀ lè kọ (⊢-A). 

Ohun tó yẹ kó kan ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni @ àti @:, tí àwọn náà ń so fọ́ńkíṣọ̀n pọ̀ nínú J. Àmì *: ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po ara rẹ̀. +/@*: 1 2 3 yóò fún un ní 1 4 9, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni @ ń mú nọ́ńbà wọ̀nyí. +/@:*: 1 2 3 yóò fún un ní 14, nítorí @: dúró kí gbogbo wọn di ìlọ́po ara wọn kó tó rò wọ́n pọ̀.

Ní 2020, Dyalog fi ⍥ kún àmì tó fi ń so fọ́ńkíṣọ̀n pọ̀, ó sì fún ⍤ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní irú iṣẹ́ yìí. Ọdún yẹn náà ni èdè BQN ti Marshall Lochbaum dé, ó sì tẹ̀ lé Dyalog lórí ọ̀rọ̀ fọ́ńkíṣọ̀n méjì. Èdè Uiua dé ní 2023.