Ọmọ Ọba Tí Ó Di Àlùfáà

Kò sí ẹni tí yóò ka ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn ní Nàìjíríà tí kò ní bá orúkọ Sir Samuel Mánúwà pàdé. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ orúkọ náà, bàbá rẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ sí: Àlùfáà Benjamin Mánúwà, ọmọ Ọba Kuwatse Kìíní ti Ìtẹ̀bú-Mánúwà, ní ilẹ̀ olómi àwọn Ìlàjẹ.

Àwọn ará òkè a máa bi mí pé báwo ni ìwé ṣe tètè dé irú ibẹ̀, níbi tí omi ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí a ń kọ́ ilé sórí òpó, tí ọmọdé sì ń mọ àjẹ̀ ọkọ̀ í lò kí ó tó mọ ọ̀nà oko. Ìbéèrè náà kò tọ̀nà. Omi yẹn gan-an ni ọ̀nà. Ní 1872 ni Glover, tí ó jẹ́ aláṣẹ Èkó, la ọ̀nà Oǹdó. Nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá bá ti ẹnubodè wọn, Èkó ni èrò yóò ti wọkọ̀, wọn yóò gba ojú ọ̀sà dé agbègbè Ìtẹ̀bú, kí wọ́n tó gba Ayésàn lọ sí Òde Oǹdó. Ìbọn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ojú ogun Kírìjì, iyọ̀ ń kọjá, Bíbélì náà ń kọjá. (Èmi kò rò pé atukọ̀ a máa bi ẹrù léèrè ẹ̀sìn rẹ̀.) Charles Phillips, ẹni tí ó dé Oǹdó ní 1877 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, mọ ọ̀nà omi yìí dáadáa. Nítorí náà, Ìtẹ̀bú kì í ṣe kọ̀rọ̀ rárá. Ẹnu ọ̀nà ni.

Ọmọ ọba ẹnu ọ̀nà yìí ni ó di àlùfáà. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n sì bí Samuel sí ní 1903, ní ìlú tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì títí ìbọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí i ní 1892. Èyí a máa yà mí lẹ́nu: bí Ìjẹ̀bú kò bá ti ọ̀nà, ta ni ìbá gba ti Ìtẹ̀bú?

Ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh ní 1926, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọdún kejì, ó sì ṣe ọ̀bẹ kan fún ìtọ́jú egbò ilẹ̀ olóoru. Ní 1938 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè FRCS. Àwọn kan wí pé ó fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Egbò yẹn kì í ṣe àrùn olówó. Àrùn àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rin inú ẹrẹ̀ ni, irú àwọn tí í máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlùfáà. Ó tún di ààrẹ àjọ àgbáyé fún ìlera ọpọlọ. Ẹni tí ó ti gbé ilé àlùfáà rí mọ̀ pé àwọn tí ọkàn wọn dàrú náà a máa wá síbẹ̀.

Kí ó tó kú ní 1976, ó ti gba oyè ìlú ní Ìtẹ̀bú-Mánúwà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jáde lọ.