Ajẹ́lẹ̀ Mi ní Jámánì

Bí àlejò bá wọ agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, n'Ìbàdàn, tó bèèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ìyá mi àgbà á ní, "Ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀." Wọn ò purọ́. Server mẹ́ta ni mo ń tọ́jú, méjì ní Jámánì, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò sì fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí. Orí àga rọ́bà níwájú ilé ni mo ti ń pàṣẹ fún wọn. Lọ́jọ́ tí màmá ní kí n là á yé àwọn, mo ní, "Ṣé ẹ rántí ìtàn ajẹ́lẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti yé wọn.

Láyé ogun, Ìbàdàn ò lè kó lọ máa gbé gbogbo ìlú tó ṣẹ́gun ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ọkùnrin náà á gbé ìlú onílùú, á máa kó ìsìn jọ, á máa jẹ́ iṣẹ́ ìjòyè Ìbàdàn tó jẹ́ bàbá kékeré ìlú yẹn. Ìjòyè ò kúrò nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì tó ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n báwo ni ajẹ́lẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni iṣẹ́ ti wá? Ìdí nìyẹn tí ìránṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá fi ń mú ọ̀pá ọ̀gá rẹ̀ tàbí àrokò dání.

sshd ni orúkọ ajẹ́lẹ̀ tèmi, ètò tó ń gba àṣẹ mi lórí server. Ẹnu ọ̀nà 22 ló jókòó sí tọ̀sán-tòru, ó ń retí mi. Telnet ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀, láti 1969, bí ìgbà tí ìránṣẹ́ ń pariwo iṣẹ́ tí wọ́n rán an kọjá láàárín Ọjà'ba ni: ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á gbọ́ ọ tán, títí kan páswọ́ọ̀dù. Ní 1995, ẹnìkan dẹ etí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì kan ní Finland báyìí, ó kó páswọ́ọ̀dù lọ rẹpẹtẹ. Tatu Ylönen, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bínú kọ SSH, tí sshd ti wá, lọ́dún náà, èyí tó ń di ọ̀rọ̀ ní àdìpa kó tó jáde nílé. Àrokò tirẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ méjì tó bára mu: ọ̀kan wà lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀, kò burú bí gbogbo ayé bá rí i, èkejì kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Káfẹ́ kan ní Bẹẹrẹ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní nǹkan bí 2004. Díìṣì ńlá wà lórí òrùlé, ó kọjú sókè. Sátẹ́láìtì tó ń bá sọ̀rọ̀ jìn tó 36,000 kìlómítà, nítorí náà bí mo bá tẹ lẹ́tà kan, ó máa ń pẹ́ ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lọ kí n tó rí i lójú kọ̀ǹpútà. Mo kọ́ láti tẹ odindi àṣẹ láìwo ohunkóhun, kí n káwọ́ gbera, kí n wá kà á wò. Títí dòní mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ rò pé ìgbéraga ni. PuTTY, ètò tí mo fi ń ránṣẹ́ sí ajẹ́lẹ̀, tí Simon Tatham ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1999, wà nínú dísìkì pẹlẹbẹ tí mo ń fi sápò àyà, torí oníkáfẹ́ ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan tuntun sórí ẹ̀rọ òun.

Lóru ọjọ́ kan níbẹ̀, mo fẹ́ ti àwọn ẹnu ọ̀nà tí kò wúlò lórí server oníbàárà kan. Àṣẹ tó ń ti gbogbo wọn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, kí n tó tẹ èyí tó ṣí 22. Kọ́sọ̀ dúró. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Mo ṣí ojú ewé mìíràn, ó yọ kíá. Òógùn bò mí. Ajẹ́lẹ̀ mi ò kú, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo mọ odi yí i ká. Di àárọ̀ ni mo fi dúró kí n tó ra káàdì ìpè, kí n pe òkè òkun, kí ẹnìkan tí mi ò mọ̀ lọ bá mi tẹ àṣẹ kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ náà gan-an.

Ó ṣáà sàn ju ti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn láyé ogun. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Ìmẹ̀sí, Èkìtìparapọ̀ dìde, ogun Kírìjì bẹ́. Ibùdó ogun ni Látòósà kú sí ní 1885, ọdún kan ṣáájú àdéhùn àlàáfíà.

Láti òru káfẹ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan odi server kankan, mo máa ń fi àṣẹ kan pamọ́ sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀: bí o ò bá gbọ́ ohùn mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wó gbogbo odi náà. Wáyà abẹ́ òkun MainOne dé Èkó ní 2010, ìdúró lẹ́tà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Àfi 14 Oṣù Kẹta 2024, tí wáyà mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà létí òkun Abidjan. Mo pe Jámánì, mo pe Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó dáhùn. Màmá wò mí láti orí ẹní wọn, wọ́n bi mí pé, "Fábùnmi ti débẹ̀ ni?"