Àwọn Ọmọbìnrin Gallarate

Ẹni tí ó bá rò pé ìgbà tí ChatGPT yọjú sí gbangba, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ni àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìwádìí lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, kò tíì gbọ́ ìtàn Roberto Busa, àlùfáà Àgùdà ará Ítálì, tí ó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì bíńtín kan nínú ìwé Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ayé àtijọ́, bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran, tí ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan bí 10,000 káàdì kí ó tó yé e pé iṣẹ́ náà ju agbára ẹnì kan lọ.

Ní 1949, ó lọ bá Thomas Watson, olórí ilé-iṣẹ́ IBM, ní New York. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè: ọ̀kan ní ìmọ̀, èkejì ní ẹ̀rọ, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti fi ẹ̀rọ to gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé Aquinas.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kò lè dá ìwé kà. Àwọn ọmọbìnrin tí Busa dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ní Gallarate, lẹ́bàá ìlú Milan, ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí káàdì oníhò, tí wọ́n sì ń tún un tẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí í dúró gbọin bí ìtẹ̀ kejì bá yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Látìnì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni Busa sì fẹ́ ẹ, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò ní fi ohun tí ó rò rọ́pò ohun tí ó rí. Ìdìpọ̀ 56 ni iṣẹ́ náà di nígbà tí ó parí ní 1980, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 11. Busa ni ayé ń yìn. Ti àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè orúkọ wọn, ni ó ń dùn mí.

Ohun tí a kọ̀ fún wọn ni ẹ̀rọ òde òní bíi ChatGPT fi ṣe iṣẹ́: ó ń méfò ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, yálà ó rí i níbì kan tàbí kò rí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT hun fún wọn, wá síwájú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má wulẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ yìí. Ẹ ní kí ó mú ìdáhùn rẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé, kí ó fi ojúlówó ìwé yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fún un ní máàkì.